Ẹpọ̀n Tó Wú: Àwọn Ìbéèrè Tí Ọkùnrin Máa Ń Fi Ohùn Kẹ́lẹ́ Béèrè

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ àwọn ọkùnrin ni mo sì wà. Ọkùnrin á wọlé, á ní ẹ̀yìn ló ń dun òun. Á jókòó, á máa wo ilẹ̀. Ó di ìgbà tí àwọn yòókù bá jáde tán kó tó wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, abẹ́ mi ló wú." Àwọn ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé gbólóhùn yẹn ni mo kó jọ síbí. Bó bá jẹ́ pé kóró ẹpọ̀n ń dùn yín gidi bí ẹ ṣe ń kà á lọ́wọ́ yìí, ẹ ka ìbéèrè àkọ́kọ́ nìkan, kí ẹ sì gbéra.

Ìrora abẹ́ ló jí mi lójú oorun. Ṣé mo lè dúró kí ilẹ̀ mọ́?

Rárá. Ẹ lọ báyìí.

Kóró ẹpọ̀n kọ̀ọ̀kan rọ̀ mọ́ okùn kan, inú okùn yẹn ni iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún un wà. Nígbà mìíràn kóró á yí po, okùn náà á sì lọ́ bí ìgbà tí èèyàn bá ń fún aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò ní rí ọ̀nà kọjá mọ́. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni kóró ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n sì tú u kí wákàtí 6 tó pé, ó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tó ń yè. Bó bá di wákàtí 12, ó ti di bí ìdajì. Bó bá fi máa di ọjọ́ kejì, díẹ̀ ló kù tí a lè gbà là. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa kọ́kọ́ béèrè pé, "Aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀?" Ẹ wo aago kí ẹ tó kúrò nílé.

Àwọn ọmọkùnrin tó wà láàárín ọdún 12 sí 18 ló ń ṣe jù, ṣùgbọ́n ó ń ṣe ọmọ ìkókó, ó sì ń ṣe àgbàlagbà. Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá gbá a kó tó lọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan ló sábà máa ń dùn. Èébì á máa gbé e, kóró náà lè sún sókè ju èkejì lọ tàbí kó dùbúlẹ̀ ní ìbú. Inú tún lè máa run ún, ibẹ̀ gan-an ló ti ń tan àwọn òbí jẹ.

Ọmọ ọdún 14 kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Aago méjì òru ni ìrora jí i. Ojú ń tì í láti sọ ibi tó ń dùn ún fún ìyá rẹ̀, ló bá ní inú ni. Ìyá fún un ní oògùn inú rírun, ó fi aṣọ gbígbóná jó o níkùn. Ó bì lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n lọ sí kẹ́mísìtì, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ó ń ya ẹsẹ̀ rìn. Nígbà tí dókítà ṣí i, kóró náà ti dúdú bí ọ̀ọ̀rì. Wọ́n tú u, wọ́n fi gọ́ọ̀sì tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wé e, gbogbo wa dúró, a ń wò ó bóyá àwọ̀ rẹ̀ á padà. Kò padà. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì rán èkejì mọ́lẹ̀ kí òun náà má baà lọ́ lọ́jọ́ iwájú. Ìyá rẹ̀ bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ká ní mo bi í dáadáa lóru ni?" Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, bí ọmọkùnrin yín bá ní inú ń run òun tó sì ń bì, ẹ bi í pé ṣé abẹ́ rẹ̀ ń dùn ún. Ẹ wò ó pẹ̀lú. Ẹ sì ti sọ fún un ṣáájú ọjọ́ náà pé kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Ṣé kí n kọ́kọ́ lo oògùn ìrora ná?

Ẹ lè lo parasitamọ́ọ̀ pẹ̀lú omi kékeré, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ni kí ẹ ti lò ó. Ẹ má jẹun, ẹ má sì mu nǹkan mìíràn, torí ó lè jẹ́ pé yàrá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa gbé yín gbà tààrà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ síbẹ̀, ẹ má fi àgbo gbígbóná jó o.

Bí ìrora bá dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ṣì lọ. Ó lè jẹ́ pé okùn náà tú fúnra rẹ̀, irú èyí tó sì tú báyìí tún lè lọ́ lóru ọ̀la. Ó sì lè jẹ́ pé kóró ti kú ni kò fi dùn mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń dúró de ọjọ́ tí GP bá dá fún un. Ẹ lọ sí A&E, tàbí kí ẹ pe 999. Ní Amẹ́ríkà, 911 ni. Nílé níbí, mọ́tò tàbí ọ̀kadà tó bá kọ́kọ́ yọjú ni kí ẹ wọ̀, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ ni kí ẹ sì forí lé. Ilé ìwòsàn kékeré tí wọn kò ti lè ṣe é á kàn jẹ nínú wákàtí 6 yẹn ni.

Kí ni à ń pè ní ìpá gan-an?

Orúkọ kan ṣoṣo ni a fún oríṣiríṣi nǹkan, ìyẹn ló sì ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Nígbà tí Yorùbá bá ní lágbájá ní ìpá, ó lè jẹ́ omi ló kún àpò ẹpọ̀n rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìfun ló sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀nà tí a ń gbà wo àwọn méjèèjì yàtọ̀, ewu wọn náà kò sì rí bákan náà.

Ẹ jẹ́ ká mú olómi ná. Omi máa ń gbára jọ yí kóró ká nínú awọ fẹ́lẹ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wú, kì í sábà dùn, ó kàn ń wúwo ni. Nínú yàrá tó ṣókùnkùn, bí dókítà bá gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á yọ pupa rẹ́súrẹ́sú sí iwájú. Ẹ má fi tọ́ọ̀ṣì dá ara yín lẹ́jọ́ nílé o, torí èyí tó ti pẹ́ tí awọ rẹ̀ ti nípọn kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ìfun ọmọ kékeré lè tàn bí omi. Sikáànì ló ń yanjú rẹ̀.

Nílẹ̀ wa, ẹ̀fọn wà lára ohun tó ń fà á. Kòkòrò kan wà tó tín-ín-rín bí òwú, ẹ̀fọn ló ń gbé e láti ara ẹnìkan dé ara ẹlòmíràn. Bó bá dàgbà nínú ara, á ba ọ̀nà tí omi ara ń gbà jẹ́. Lára ẹlòmíràn, ẹsẹ̀ ló ń wú, ìyẹn jàbùtẹ̀. Lára ọkùnrin, àpò ẹpọ̀n ló sábà máa ń kún. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọkùnrin tí kòkòrò yìí sọ di onípá tó mílíọ̀nù 25. Ṣùgbọ́n àrùn tó ṣeé ṣẹ́gun ni. Lọ́dún 2017, àjọ náà kéde pé Tógò ti borí rẹ̀ débi pé kì í ṣe ìṣòro ará ìlú mọ́, àwọn sì ni àkọ́kọ́ ní ìsàlẹ̀ Sàhárà. Oògùn ni wọ́n fi ṣe é, irú oògùn tí wọ́n ń pín láti ojúlé dé ojúlé lọ́dọọdún láwọn àgbègbè tó kàn lọ́dọ̀ tiwa náà: Mectizan àti albendazole. Ẹ ti lè rí wọn rí, wọ́n máa ń mú ọ̀pá kan dání tí wọ́n fi ń wọn gíga èèyàn kí wọ́n tó ka oògùn sí i lọ́wọ́. Bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn, ẹ gbà á lò. Ọ̀fẹ́ ni.

Oògùn yẹn ń pa ọmọ kòkòrò kó má baà ràn mọ́, kì í fa omi tó ti kún tẹ́lẹ̀ gbẹ. Iṣẹ́ abẹ ló ń mú ìyẹn kúrò. Kì í ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá, ọ̀pọ̀ èèyàn ń lọ sílé lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Fífi abẹ́rẹ́ fa omi náà kò ran ni, á tún kún padà. Bó bá sì jẹ́ ẹni tó ń fi abẹ gún un lábúlé ni, ìdọ̀tí ló ń kó sínú rẹ̀.

Bàbá kan wà tó fi kẹ̀ǹbẹ̀ bo tirẹ̀ fún ọdún 11. Kò lọ sí mọ́ṣáláṣí mọ́ torí kò lè foríbalẹ̀ dáadáa, kò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó. Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó pa itan méjèèjì pọ̀, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ó pàdé o." Ọdún 11, nítorí ohun tí wọ́n ṣe láàárín wákàtí kan.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bó bá jẹ́ ìfun ló sọ̀?

Èyí ni dókítà ń pè ní hẹ́níà. Ìfun á gba ojú ihò kan níbi tí itan ti pàdé ikùn wọ inú àpò ẹpọ̀n. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀, ó lè wọlé lọ. Bí ẹ bá wúkọ́, tàbí tí ẹ gbé àpò sìmẹ́ǹtì, á tún yọ síta. Kì í lọ fúnra rẹ̀ lára àgbàlagbà, iṣẹ́ abẹ ni, ọjọ́ tí ara yá ló sì dára láti ṣe é.

Ọjọ́ burúkú rẹ̀ ni ọjọ́ tí ìfun bá há. Ibẹ̀ á le gbagidi, á máa dùn, kò ní wọlé mọ́, èébì á bẹ̀rẹ̀, ẹ kò ní lè yàgbẹ́, ẹ kò tilẹ̀ ní lè sọ ìsó. Ẹ má fi ipá tì í wọlé. Ilé ìwòsàn, lójú ẹsẹ̀, bíi ti ìbéèrè àkọ́kọ́.

Wọ́n ní èpè ni, tàbí pé ẹnìkan ló fi ṣe mí.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo bọ̀wọ̀ fún. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé omi la bá nínú gbogbo èyí tí a ṣí tó jẹ́ olómi, ìfun la sì bá nínú èyí tó jẹ́ ìfun. Bí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà, ẹ gbà á lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ó rí bí ẹni pé ekòló kó jọ sínú rẹ̀.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ni. Nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin, ó tó 15 tó ní in, òsì ló sì pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ wọn kò nílò nǹkan kan. Bó bá ń dùn yín, tàbí tí ẹ̀yin àti ìyàwó ti ń wá ọmọ tí kò tíì dé, ẹ lọ fi hàn dókítà, torí ó lè dín àtọ̀ kù. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lójijì, tó bá jẹ́ ọ̀tún nìkan, tàbí tí kì í rọ̀ nígbà tí ẹ bá dùbúlẹ̀, ó yẹ kí wọ́n ya àwòrán ikùn láti wo kíndìnrín.

Ó ń wú díẹ̀díẹ̀, ìtọ̀ ń ta mí, ara mi sì gbóná.

Ó jọ pé kòkòrò àrùn ló wọ ibẹ̀. Lára ọkùnrin tí kò tíì tó ọdún 35, àtọ̀sí àti kilamídíà ló sábà máa ń fà á, ibi ìbálòpọ̀ ni wọ́n sì ti ń kó o. Lára àgbàlagbà, ó lè jẹ́ kòkòrò inú ìtọ̀, pàápàá ẹni tí ìtọ̀ kì í dà dáadáa. Ikọ́ ife náà lè dé ibẹ̀, ìyẹn á wú pẹ́, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ dùn.

Wọ́n á yẹ ìtọ̀ yín wò, wọ́n á fún yín ní oògùn apakòkòrò. Ẹ lò ó tán. Ìrora á lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, wíwú lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ máa wọ pátá tó gbé e dúró. Bó bá jẹ́ ti ìbálòpọ̀, ẹni tí ẹ jọ ń sùn gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ óò máa gbé e fún ara yín lọ gbé e bọ̀ ni. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn nira láti sọ fún ìyàwó. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ mú un wá, àwa á bá yín sọ ọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kò gbọ́dọ̀ dúró sílé kó máa pinnu bóyá kòkòrò ni tàbí okùn ló lọ́. Àwa gan-an tí a wà nídìí iṣẹ́ kì í fi ojú lásán mọ̀ ọ́n nígbà mìíràn.

Ṣegede ńkọ́?

Bí ṣegede bá mú ọmọkùnrin tó ti bàlágà, kóró ẹpọ̀n rẹ̀ lè wú ní bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú. Ó ń dùn gan-an. Ó lè jẹ́ kí kóró náà sún kì, ṣùgbọ́n kì í sábà sọ èèyàn di àgàn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà.

Mo fọwọ́ kan kókó líle kan. Kò dùn mí rárá.

Àìdùn rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé kò ṣe nǹkan. Jẹjẹrẹ kóró ẹpọ̀n kì í sábà dùn níbẹ̀rẹ̀. Kókó líle ni, ara kóró gan-an ló sì máa ń wà. Ọ̀dọ́ ló ń mú jù, láti ọdún 15 títí dé nǹkan bí 40. Kò wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n ó ń ṣe wá. Ẹni tí kóró ẹpọ̀n rẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé gbọ́dọ̀ kíyè sí ara rẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ.

Èyí tó mú mi lọ́kàn le nípa rẹ̀ ni pé ó wà lára àwọn jẹjẹrẹ tó gbọ́ oògùn jù lọ. Bí wọ́n bá tètè rí i, ó lé ní 95 nínú ọgọ́rùn-ún tó ń yè. Ẹ wo Sébastien Haller, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Côte d'Ivoire. Oṣù Keje ọdún 2022 ni wọ́n rí i lára rẹ̀, kété lẹ́yìn tó dé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Borussia Dortmund ní Jámánì. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó gba oògùn jẹjẹrẹ, ó padà sórí pápá ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Gbogbo wa tó wo àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Abidjan ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024 la rí ohun tó ṣe lẹ́yìn náà: òun ló gbá góòlù tí Côte d'Ivoire fi na Super Eagles 2 sí 1. Ó dùn wá. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹni tó ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ kóró ẹpọ̀n ni góòlù yẹn ti wá.

Ẹ ní kí wọ́n ya sikáànì, kí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki abẹ́rẹ́ bọ kókó náà láti fi wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Láti òkè, níbi tí itan ti pàdé ikùn, ni oníṣẹ́ abẹ ti ń mú kóró jáde. Bí ẹ kò bá tíì bímọ, ẹ béèrè nípa fífi àtọ̀ pamọ́ kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè máa yẹ ara mi wò?

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lẹ́yìn tí ẹ bá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀, torí ìgbà yẹn ni awọ rẹ̀ rọ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka yòókù yí kóró kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́. Ó yẹ kó dán bí ẹyin tí a bó. Ohun rírọ̀ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó dà bí okùn tó ká jọ, ibẹ̀ ni àtọ̀ ń gbà, kì í ṣe àìsàn. Bí ọ̀kan bá sì sọ̀ ju èkejì lọ díẹ̀, bí Ọlọ́run ṣe dá ọ̀pọ̀ wa nìyẹn.

Àpò ẹpọ̀n ọmọ mi tuntun kún.

Ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí i. Bó bá jẹ́ omi, tí ọmọ ń mu ọmú, tí kò sunkún sí i, ó sábà máa ń gbẹ kó tó pé ọdún kan sí méjì. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi omi gbígbóná jó o. Bó bá ń yọ nígbà tí ọmọ bá ké, tó tún ń wọlé padà, hẹ́níà ni, iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́, torí ti ọmọ ọwọ́ máa ń tètè há. Bó bá le, tí awọ rẹ̀ dúdú tàbí pọ́n, ẹ sáré lọ.

Bí ẹ bá wá kóró níbẹ̀ tí ẹ kò rí i títí ọmọ fi pé oṣù 6, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó dára kí wọ́n ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó pé oṣù 18.

Bọ́ọ̀lù bà mí níbẹ̀, tàbí mo fi lu táńkì ọ̀kadà.

Ẹ fi aṣọ wé píọ̀ wọ́tà tó dì, ẹ gbé e lé e, ẹ sinmi. Bí ìrora kò bá rọlẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, tó ń wú, tó ń pọ́n, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀, ẹ lọ. Kóró lè ti bẹ́, a sì máa ń lè rán an bí ẹ bá tètè dé.

Mo ní àtọ̀gbẹ, awọ ibẹ̀ sì ń dúdú.

Ẹ dìde níbi tẹ́ ẹ wà, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Awọ tó ń dúdú, tó ń rùn, tó ń dùn ju bó ṣe rí lójú lọ, pẹ̀lú ibà: àrùn kan ló ń jẹ ẹran ara lọ láti wákàtí dé wákàtí, ẹ̀mí ló sì ń gbà.

Bó bá jẹ́ pé àpò ẹpọ̀n àti ẹsẹ̀ méjèèjì ló jọ wú, ó lè jẹ́ ọkàn, kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ ló ń ráhùn. Ìyẹn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kẹ́mísìtì.

Bí wọ́n bá yọ ọ̀kan, ṣé mo ṣì lè bímọ?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan tó dá ṣáṣá tó fún ọmọ, ó tó fún irùngbọ̀n, ó tó fún iṣẹ́ ọkọ nínú ilé.

Bó bá jẹ́ obìnrin ni dókítà ńkọ́? Kí ni mo tilẹ̀ fẹ́ wí?

Kò sí ohun tí ojú wọn kò rí rí. Ẹ lè ní kí ọkùnrin kan dúró tì yín, wọn kò ní bínú. Ẹ mú ẹnìkan dání tó lè máa sáré owó àti ẹ̀jẹ̀ kiri. Tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹ má sọ pé inú ni, ẹ má sọ pé ẹ̀yìn ni. Ẹ sọ fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá wọ aṣọ iṣẹ́ pé: "Kóró ẹpọ̀n mi ló ń dùn mí. Aago báyìí ló bẹ̀rẹ̀. N kò tíì jẹun."